Fíìmù Tí Ìyá Elépo Ti Sanwó Rẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n etí mi ló gbọ́ ọ ní ọjà Bantè, níbi tí ọkùnrin kan ti ń da fíìmù sórí káàdì fóònù. Ìyá kan tó ń ta bẹntiróòlù na káàdì sí i.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ ti ń san owó oṣù wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ẹ ti kọ̀ mí sílẹ̀."

"Mò ń san án. Wòlíì wa ní olè ni iṣẹ́ tí ò ń ṣe yìí."

"Kí wá ni káàdì yín ń wá lọ́wọ́ olè?"

"Ìyá mi wà ní Atokoligbé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé abúlé wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó inú fíìmù yẹn padà sílé. Mo ti sanwó rẹ̀ lókè, ìwọ ṣáà bá mi jí i sọ̀kalẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín wọn délé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bantè lọ, èmi náà tí mò ń san owó oṣù ò rí fíìmù mi wò parí. Káàdì mi ló kọ́kọ́ dé orí tábìlì ọkùnrin náà.