Mo Ní Kó Má Pariwo

Ohun tí Adélọ́lá ti gbé mì láti ọdún tó kọjá, tí kò jẹ́ kó mọ adùn oúnjẹ mọ́, ọjọ́ Sunday kan báyìí ló pọ̀ ọ́ jáde ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì fi ipá mú un. Ó kàn rí i pé bí òun bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé lọ́jọ́ yẹn, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó ní kí gbogbo wọn gbọ́ òun, nítorí òun ti hùwà ìkà sí ọmọ kan, ọmọ náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òun.

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ sì máa dá a lẹ́jọ́ dandan, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òun àti Fọláyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, ṣe jẹ́ fún yín. Ilé-ìwé kan náà ni wọ́n lọ n'Ìbàdàn. Adélọ́lá ló kọ́kọ́ dé Toronto. Nígbà tí Fọláyọ̀ balẹ̀, yàrá Adélọ́lá ní North York ló sùn sí; òun ló ra kóòtù òtútù fún un, òun ló mú un mọ ọ̀nà subway. Nígbà tó yá, Fọláyọ̀ yege ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ gidi dé, ó kó lọ sí Richmond Hill, sínú ilé tó ní àtẹ̀gùn nínú. Adélọ́lá ṣì wà nínú ilé gogoro tó háyà, ó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, shift lórí shift. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀ o. Òun náà ló se oúnjẹ ìṣílé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn yẹn ni nǹkan ń ta á láyà, ó sì mọ orúkọ nǹkan ọ̀hún. Owú ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Adélọ́lá ní tí Fọláyọ̀ ò ní. Ìfẹ́, ọmọ rẹ̀, ni quarterback ẹgbẹ́ Harriers ní Scarborough. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, bọ́ọ̀lù tó ṣóńṣó lápá méjèèjì ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú. Àwọn ọmọbìnrin náà á so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìbàdí; bí wọ́n bá ti já tìrẹ gbà, wọ́n ti mú ọ nìyẹn. Quarterback ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń kígbe àṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ kí eré tó ṣí. Harriers ò mọ̀ ju kí wọ́n fìdí rẹmi lọ, àmọ́ ìyẹn ò kan Adélọ́lá. Ó ń ran kóòṣì wọn lọ́wọ́, ó ń gbé omi, ó ń to kóònù, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ onílùú àti ọmọ àlejò. Bó bá ti ń bọ̀ láti pápá, kì í rántí ilé alátẹ̀gùn.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ Fọláyọ̀, Olúwatúnmiṣe, wá bá ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Handball ló ti ń gbá nílé-ìwé níbẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí páàkì lọ́jọ́ kan, Ìfẹ́ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn sí i pé kó fi ṣeré. Túnmiṣe dì í mú, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì jù ú. Bọ́ọ̀lù náà kọjá orí igi. Muhyideen, kóòṣì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí síbí fún òbí ará Ìlọrin, ń kó kóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbàgbé ohun tó ń kó. Adélọ́lá rí ojú Muhyideen. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni inú òun ti dàrú.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ níbẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn kóòṣì á ní kí àwọn ọmọ tuntun wá fi ara wọn hàn lórí pápá, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á máa yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Draft ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ yàn, kí nǹkan lè ṣẹnuure fún òun náà. Harriers ló gbẹ́yìn. Muhyideen wá pe Adélọ́lá, ó bi í léèrè bóyá kí àwọn fi yíyàn àkọ́kọ́ mú quarterback tuntun.

Ah, ẹ bá gbọ́ bí Adélọ́lá ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kì í ṣe ẹni tó ń jù ú ni ìṣòro àwọn, àwọn tó ń hán an ni. Ó ní bí áńgẹ́lì bá ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ epo, ilẹ̀ náà ló máa bọ́ sí. Ó ní kí wọ́n mú ẹni tó lè sáré, kí wọ́n mú ẹni tó lè hán bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó máa wá quarterback kiri. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ará ibòmíràn ló ju bọ́ọ̀lù kọjá orí igi, bóyá ohun kan náà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Fọláyọ̀ ni, owú ló sì ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Muhyideen gbà fún un lápá kan. Ó ní òun ò tíì pinnu. "The arm is not enough, Auntie," ló wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Tó bá lè pariwo àṣẹ fún àwọn tó jù ú lọ, òun la máa kọ́kọ́ mú. Tí kò bá lè ṣe é, a máa fi sílẹ̀."

Báyìí ni Adélọ́lá ṣe mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, tó sì mọ bí òun ṣe máa tì í.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ máa fi ara wọn hàn, Fọláyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun mú Túnmiṣe lọ. Wọ́n jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Ìfẹ́ wà níwájú pẹ̀lú ohun ìgbọ́rin létí. Adélọ́lá wá rọra dojú kọ ọmọ náà, ó ń gbà á nímọ̀ràn. Ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní àwọn ọmọ tó máa bá pàdé jù ú lọ, kò gbọdọ̀ pariwo lé wọn lórí. Ó ní bí kóòṣì bá ń bá a sọ̀rọ̀, kó má wò ó lójú, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. Túnmiṣe ní ẹ ṣé ma. Ìyá Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn tí kò ní ṣe àmín? Ibẹ̀ gan-an ni ìkà Adélọ́lá fara pamọ́ sí. Kò pa irọ́ kankan, kò ba ọmọ lórúkọ jẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi dì í lẹ́nu.

Gbogbo èyí ló ń sọ fún wọn ní pálọ̀ lọ́jọ́ Sunday yẹn. Fọláyọ̀ jókòó sórí àga, síbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé Harriers tún gbẹ́yìn lọ́dún yìí, Saturday tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa yan ọmọ, Fọláyọ̀ sì ní Túnmiṣe ò ní lọ. Ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti ju ti ẹgbẹ́ náà lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn. Ó ní ojo lọmọ òun. Àwọn tíṣà rẹ̀ ń ráhùn pé kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, bí wọ́n bá sì bá a wí, á kàn máa wolẹ̀. "Ìwọ ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu," Fọláyọ̀ wí. "Jọ̀ọ́, bá mi gbà á nímọ̀ràn." Ló bá pe ọmọ náà wá. Túnmiṣe kúnlẹ̀, ó kọ ojú sí rọ́ọ̀gì, ó ní, "Mò ń gbọ́, Auntie." Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. Àfi bí ẹni pé inú bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ṣì wà. Adélọ́lá ò lè fara dà á mọ́.

Fọláyọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí ló burú nínú pé wọ́n kọ́ ọmọ ní ìwà, pé kó jókòó, kó jẹun. Adélọ́lá ní rárá, òun ò tíì sọ èyí tó burú jù.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ọmọ yìí ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ju òkò, gbogbo wọn ń wò ó. Àmọ́ tó bá tó àkókò àti pàṣẹ, á máa sọ ọ́ sínú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Muhyideen ní kó pariwo. Ó ní kó tún pariwo. Ló bá sáré wá bá mi létí pápá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábíyá, ó ní, 'Auntie, kóòṣì ní kí n pariwo, ṣé kí n pariwo?' Fọláyọ̀, Ọlọ́run fún mi láyè. Ó gbé ọmọ ẹ wá bá mi kí n lè tún un ṣe. Mo wo ojú ẹ̀. Mo rí Ìfẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, mo rí ilé yín yìí. Mo ní, 'Má pariwo. Wọ́n ń dán ẹ wò ni.' Ó ní ẹ ṣé ma. Ó padà lọ, kò sì pariwo."

Ó ní nígbà tí àwọn kóòṣì jókòó, Muhyideen mú ọmọ kan tó mọ eré sá. Àwọn yòókù náà fo orúkọ Túnmiṣe títí orúkọ fi tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Fọláyọ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí lójú Adélọ́lá pé kó wo Ìfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Adélọ́lá sì dá sí i, ó ní kó rọra fún un, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló láyà. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu òun nígbà náà, pé ó dùn bí oyin, kí Ọlọ́run foríji òun. Túnmiṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ pé Auntie ló ní kí òun má pariwo, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í fẹjọ́ àgbà sùn.

Ìfẹ́, tó jókòó pẹ̀lú wọn, ti yọ ohun ìgbọ́rin kúrò létí. "Mummy, I never even wanted it," ló wí. "I only stayed because it made you happy." Ohun tí Adélọ́lá torí rẹ̀ ba ti ẹlòmíràn jẹ́, ọmọ tirẹ̀ gan-an ò fẹ́ ẹ.

Adélọ́lá wá kúnlẹ̀. Fọláyọ̀ ta kìjí pé kó dìde, pé kí ló dé tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní kí àwọn ọmọ méjèèjì fetí sílẹ̀: bí àgbà bá ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá àgbà náà ní ohun tó máa rí jẹ nínú rẹ̀. Ó ní òun ò ní ẹnu tí òun fi lè bẹ̀bẹ̀, àmọ́ òun ń bẹ Túnmiṣe, kó dárí ji òun.

"Ó ti tán, Auntie," Túnmiṣe wí sí rọ́ọ̀gì. "Mo ti dárí jì yín, ma."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá dun Adélọ́lá ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ ibi tó ti wá. Ó ní kó má fi ẹ̀kọ́ ilé dá òun lóhùn. Kó gbé ojú sókè, kó wo òun, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ náà gbé ojú kúrò lára rọ́ọ̀gì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò tíì dárí jì yín," ó wí, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. "Mo rò pé èmi ni mi ò dáa. Láti ọdún tó kọjá, mo rò pé èmi ni. Mi ò tíì dárí jì yín, ma."

Adélọ́lá ní ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Fọláyọ̀ ò bú u, kò sì lé e jáde. Ó kó àwo wọ inú kíṣìnì, omi ń dà lórí àwo fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní kí Adélọ́lá pe Muhyideen lójú òun, kó sọ ohun tó ṣe fún un. Adélọ́lá pè é. Muhyideen ní kí Auntie má bá òun gbé omi mọ́, kí ọmọ náà wá ní Saturday. Fọláyọ̀ ní ó dáa. Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lo mú un lọ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Ìwọ náà lo máa mú un lọ ní Saturday. Jókòó síbẹ̀, kí o gbọ́ ohùn ẹ̀."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní Saturday. Adélọ́lá ò la ẹnu títí wọ́n fi dé. Ó jókòó sẹ́yìn ìlà pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, kóòtù Túnmiṣe wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó kan ọmọ náà, atẹ́gùn gbé fìlà Adélọ́lá bọ́ sórí pápá. Adélọ́lá ò rò ó. Ó dìde, ó wọ pápá lọ mú un bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tó ń gbé omi, ó sì dúró gbangba níwájú àwọn tó fẹ́ sáré.

"Auntie, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ohùn Túnmiṣe ni. Gbogbo pápá yíjú. Àwọn ìyá Yorùbá méjì tó jókòó létí ìlà wo ara wọn pé ọmọ wo nìyí. Adélọ́lá sì sáré jáde pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró sẹ́yìn ìlà. Lẹ́yìn rẹ̀, Túnmiṣe ti ń kígbe àṣẹ, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, Ìfẹ́ sì ń sáré lọ láti hán bọ́ọ̀lù náà. Owú ṣì ta Adélọ́lá láyà bó ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé ìparí.