Orúnkún Mi àti Ìyá Tí Wọ́n Fẹ́ Lé Jáde

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síbí. Alelúyà! Ẹ ṣe é kó dún dáadáa o, torí inú ń bí mi láàárọ̀ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́.

Èmi ni Félicité tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọ̀nà Kpankou. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Clarisse, ọmọ mi tó wà ní Kùtọnu, fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọmọbìnrin kan ló ń fò sókè, tó ń lóṣòó, tó ń rẹ́rìn-ín bíi pé kò ní eegun lára. Láràárọ̀ ni mò ń bá a fò lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa, láìwọ bàtà.

Ẹ̀yin ará, orúnkún mi wú bí ìbẹ́pẹ! Ìbàdí ń ro mí, ọrùn ẹsẹ̀ ń ta mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí mo bá jókòó, àfi kí wọ́n fà mí dìde.

Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Arábìnrin kan nínú ìjọ yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ, ó mọ ara ẹ, ó wá kí mi nílé. Ó wo ìyá ọkọ mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá sọ sí mi létí pé, "Ìyá Clarisse, ẹ ò rí i ni? Ìyá yẹn ló ń jẹ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ dá wọn padà sí Adakplamè, ìlú wọn, kí ẹ má baà rọ."

Ha! Ìyá tó wẹ gbogbo ọmọ tí mo bí! Mo ní kó dìde lórí àga mi. Ó dìde, ó lọ ń sọ ọ́ káàkiri ọjà. Kò pẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ò gba omi lọ́wọ́ Ìyá mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo bá Ìyá tí wọ́n ń di ẹrù wọn.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, pe ọlọ́kadà zémìjàn kan fún mi. Bí lílọ mi bá máa mú ẹsẹ̀ rẹ yá, jẹ́ kí n lọ."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò lè kúnlẹ̀, orí àga ni mo ti ké sí Olúwa. Mo ní, "Bàbá, inú ń bí mi! Ṣé ẹsẹ̀ tèmi ni wọ́n máa fi ba ìyá yìí lórúkọ jẹ́? Wò mí sàn, kí o sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́!" Bí mo ṣe ṣe àmín, ohun kan sọ sí mi lọ́kàn pé kí n pe zémìjàn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó gbé àwa méjèèjì lọ sílé ìwòsàn.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú eegun níbẹ̀ ní kí n fi eré tí mò ń ṣe han òun. Mo gbé fídíò fún un. Kò tíì wò ó dé ìdajì tó fi di orí mú.

"Màmá, láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ bọ́ sórí fífò? Ẹ ò jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ́ oríkèé yín lára!"

Ó ní kí n sinmi, kí n máa fi yìnyín tí mo fi aṣọ wé lé orúnkún náà. Tí ó bá rọlẹ̀, kí n máa rọra rìn, kí n máa jókòó sórí àga, kí n máa dìde, díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń di apá mi mú tí mo bá ń dìde? Ìyá ọkọ mi ni! Wọ́n á ní, "Rọra, ìyàwó mi, kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Lónìí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ mi. Ògo ni f'Ọ́lọ́run! Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún nìkan ni mo wá jẹ́rìí sí. Ọlọ́run gba ìyá yìí lọ́wọ́ ẹnu yín. Inú ṣì ń bí mi o, Pásítọ̀, mò ń gbàdúrà sí i. Màmá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí wọn, kó tó jó wá sọ́dọ̀ mi. Arábìnrin mi, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣáájú.