Ojú Bàbá Morẹ́nikẹ́ Kọ́ Ni Mo Yà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò sọ fún pásítọ̀ mi, mi ò sọ fún ọkọ mi. Ǹ bá ṣì panu mọ́, àmọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹnì kan fẹ́ gbé irọ́ mi wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ayàwòrán ni mí ní Sùúrùlérè. Àwọn èèyàn máa ń gbé fótò wá, pàápàá fótò àwọn tó ti kú, màá sì yà á tóbi sórí kánfáàsì. Rúlà àti pẹ́ńsù ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Màá fa ilà kéékèèké sójú kánfáàsì, màá wá máa wo fótò yà á díẹ̀díẹ̀, irun ìpéǹpéjú kan ò ní yẹ̀. Ó máa ń jọ ọ́ o, àmọ́ ó máa ń gan bí igi.

Káyọ̀dé, tí a jọ rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù, ayàwòrán lòun náà. Ó máa ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ tú ọwọ́ yín sílẹ̀ jàre. Ẹ̀ ń yàwòrán bí ẹni tó ń ṣèdánwò." Inú á bí mi, màá ní kó gbẹ́nu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Àmọ́ tí mo bá délé, màá sunkún, torí òótọ́ ló sọ. Mo gbìyànjú títí, ẹ̀rù àṣìṣe ò jẹ́.

Ìgbà yẹn ni Morẹ́nikẹ́ wá. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, apá Ìdí-Àràbà ló ń gbé. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà tí bàbá rẹ̀ fi kú. Fótò pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló ní, ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀, èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń wojú ẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé bàbá òun ń sọ pé òun kì í ṣe ọmọ wọn, pé òun ò jọ ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tiẹ̀ la ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lójú. Ó wá sọ pé, "Àǹtí, nígbà míì mo máa ń wo màmá mi, mi ò ní gbà wọ́n gbọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo ní kí n nu ìdọ̀tí ojú fótò yẹn kí n lè ríran dáadáa. Mo fi omi rẹ aṣọ, mo rọra nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí mo máa gbé aṣọ kúrò, ojú bàbá yẹn ti bá aṣọ lọ. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn nìkan ló kù. Mo pariwo, "Yéè, mo gbé!"

Ó yẹ kí n pè é, kí n jẹ́wọ́. Ojú tì mí. Mo ń sọ fún un lórí fóònù pé mo ti ń yà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú bí mi sí ara mi. Kò sí fótò tí mo fẹ́ wò mọ́, kí ni mo fẹ́ fi rúlà ṣe? Mo dìde dúró, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi ń kun ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mo ń fi àkísà pa á rẹ́, mo ń fi àtàǹpàkò kùn ún. Ojú Morẹ́nikẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn, iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ bó ṣe máa ń rí tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi irùngbọ̀n sí i, mo fi kọ́là yẹn sí i. Ẹ̀rù ò bà mí, torí kò sí ohun tó máa sọ pé mo ṣì í. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi! Káyọ̀dé wọlé, ó dúró sójú kan. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ya èyí?"

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ wá gbé e, mo sọ fún un pé mo ti lẹ fótò yẹn mọ́ ẹ̀yìn férémù kó má bàa bà jẹ́ sí i, kó má ṣí i. Kò tiẹ̀ gbọ́. Ó ń fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Iwájú orí mi nìyí! Àǹtí, mo jọ wọ́n!" Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ǹ bá ṣe lanu?

Látọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi ti tú. Mi ò lo rúlà mọ́. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni mo jẹ, mò ń dáhùn pé àdúrà ni.

Morẹ́nikẹ́ lọ bá màmá rẹ̀ ní Múṣin, ó tọrọ àforíjì pé òun fura sí wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìyá náà wá bá èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Ọkọ mi kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi lo yà, o wá fi irùngbọ̀n sí i."

Mo wólẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ ọkọ mi ni, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Àmọ́ látìgbà tó ti gbọ́njú, kò wò mí báyìí rí. Jọ̀ọ́, má sọ fún un." Wọ́n fi gèlè nujú, wọ́n lọ.

Ní báyìí, Morẹ́nikẹ́ fẹ́ gbé àwòrán náà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Kí wọ́n wò mí, kí wọ́n wò wọ́n," ló wí. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Màmá rẹ̀ ń pè mí, wọ́n ń sunkún. Obìnrin tó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, ṣé kò ní mọ ojú rẹ̀ ni? Wọ́n á pe ìyá àtọmọ ní onírọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ yìí á wá dòótọ́ lójú gbogbo ẹbí.

Tí mo bá sì sọ fún un, á bi mí bóyá màmá òun mọ̀. Kí ni màá wí? Ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé.

Àbí kí n kúkú sọ ọ́ síbí. Ìwọ tí mo pè ní Morẹ́nikẹ́, tó o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́, má gbé àwòrán yẹn lọ. Mi ò mọ ojú bàbá rẹ. Màmá rẹ ò parọ́ bàbá fún ẹ. Èmi ni mo parọ́.