Irọ́ Mi Ló Gé Ọwọ́ Rìsíkátù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo ṣẹ̀ wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì lè gbé e mọ́.

Nígbà náà, èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní apá Challenge. Irin tó bo ẹnu ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti já. A ní a kò ní ṣiṣẹ́ títí wọn ó fi tún un ṣe. Ọjọ́ kejì ìyanṣẹ́lódì, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó gbé sàtífíkéètì mi sórí tábìlì.

"Alága, ta ló ni ìwé yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ló ni ín. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi wọṣẹ́. Orúkọ táwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo ní géètì, orúkọ òkú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mẹ́rin ló wà nílé. Ẹ̀rù bà mí pé yóò tú àṣírí mi bí a kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo jáde, mo ní máníjà ti ṣèlérí pé wọn ó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Kò ṣèlérí kankan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a padà, ẹ̀rọ náà fa ọwọ́ ọ̀tún Rìsíkátù, ọ̀kan lára àwa òṣìṣẹ́, wọlé. Ọmọ Ṣakí ni, opó ni. Wọ́n gé e kúrò lọ́rùn ọwọ́. Nígbà tí mo dé ọsibítù, òun ló ń pẹ̀ mí.

"Alága, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ̀yin gbìyànjú. Àwọn ni kò mú ìlérí ṣẹ."



Láti ìgbà náà ni mo ti ń gòkè nínú ẹgbẹ́. Ọdọọdún ni Rìsíkátù ń gbé ẹran Iléyá wá fún mi láti Mọ́kọ́lá.

Mo ń fẹ̀yìntì lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí Rìsíkátù wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá mi ní Bódìjà.

"Mo fẹ́ sọ bí ẹ ṣe dúró tì wá, Alága. Ṣé ohun kan wà tí mo gbàgbé?"

Mo ní kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, kí ló kù fún un? Ó ní kò sí ìrun tí òun ń kí tí òun kì í fi mí sádùúà. N kò mọ bí mo ṣe lè ní kó má ṣe é mọ́.