Yìnyín Abẹ́ Ìjókòó

"Fágbénró, ta ló jí ẹ̀rọ yẹn? Sọ ọ́ níṣojú ìyá ẹni tí o pè lólè!"

Àlàájà Wàsílátù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlá. Páìpù ẹ̀rọ náà tó rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin ló nà sí mi lójú. Ìyá Àmúdà dúró tì í. Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní kò sólè kankan, èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ kó tó pa mí.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́, n kì í sì í bẹ̀rù èèyàn. Fíríìjì oníkẹrosíìnì kan tí àwọn míṣọ́nnárì fi sílẹ̀ ló là mí lójú: àtùpà ń jó nídìí rẹ̀, omi ń dì nínú rẹ̀. Mo ní nígbà tí ooru ẹ́ńjìnnì ń gba sàlẹ́ńsà jáde lásán, kí ni ọkọ̀ tún ń mu epo sí nítorí atẹ́gùn tútù? Èmi àti Àmúdà ọ̀rẹ́ mi yọ àtùpà náà, a fa sàlẹ́ńsà ọkọ̀ Àlàájà gba ìdí rẹ̀, a fi fáànù fẹ́ òtútù síwájú.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò dé Ọ̀rà, àwọn ará Èkó tó wálé ọdún ti pé lé wa lórí. Àyà mi já. Mo di yìnyín sínú ọ̀rá, mo ki í bọ abẹ́ ìjókòó iwájú, n kò jẹ́ kí Àmúdà mọ̀. Ọkọ̀ tutù débi pé Àlàájà fi gèlè bo etí. Àmúdà ń sunkún, ó ní, "A ṣe é, Fágbénró." Ṣé ooru ló ṣe é ni, àbí yìnyín? N kò mọ̀. Ǹ bá tún dán an wò, ojo kò jẹ́.

Ni Dọ̀tun, ọmọ Àlàájà tó ń gbé Ìbàdàn, bá ní ká tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ká gbé e wá sí Ìbàdàn fáwọn onímọ̀. Kí àṣírí yìnyín má bàa tú, mo fi ayùn gé e wẹ́wẹ́, fíríìjì tí n kò rí irú rẹ̀ mọ́ títí dé Ìrèsì, mo tà á bí àlòkù irin. Mo wá ní Àmúdà ló jí i. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí, ó ní, "Ṣé èmi náà lò ń sọ?" Ó di ẹrù rẹ̀, ó fìlú sílẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé ẹ̀rọ tí mo tìtorí rẹ̀ ba ọmọ wọn jẹ́, bóyá kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rí.

Àlàájà ní kí n tún ibi tí mo ki yìnyín náà sí sọ. Mo ní abẹ́ ìjókòó iwájú.

"Ọ̀rá tó ń ro omi sórí gààrí mi yẹn? Mo ti sọ ọ́ nù ní gáréèjì ká tó gbéra."