Mo Ní N Kò Dá Oògùn Màmá Mọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlú Benin ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ọ̀ṣun sì ni mí. Ohun kan wà tí mo ṣe tí mo gbé pa mọ́ sínú láti ọdún mélòó kan. Mo rò pé yóò kú síbẹ̀ ni, kò kú. Màmá tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti papò dà. Òkú wọn ṣì wà ní mọ́ṣúárì, oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé wọn lọ sin sí Iléṣà. Ẹbí sì ti ní ìyàwó ọmọ wọn kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, torí òun ló pa wọ́n. Òun kọ́. Mo mọ̀ pé òun kọ́, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Nígbà tí ọkọ Màmá ṣaláìsí ni wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn, Dáre, tó ń ta irin ìkọ́lé ní Upper Sakponba. Itohan ni ìyàwó Dáre, ọmọ Bìní. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ni wọ́n fi ń dá Màmá lóhùn, Màmá á sì máa pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi èdè gidi bá mi sọ̀rọ̀!" Itohan ló ń gbìyànjú. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n òun náà ló fi ń kí wọn láràárọ̀, tòun tìkúnlẹ̀.

Inú ìjọ àwa Yorùbá ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màmá lẹ́nu, ọ̀rá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Dókítà kọ oògùn fún wọn, ọ̀kan láàárọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan lálẹ́ fún ọ̀rá. Èmi ni mo máa ń lọ wò wọ́n nílé. Mo máa ń wọn ìfúnpá wọn, mo máa ń wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, mo máa ń bi wọ́n bóyá òòyì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde, bóyá gbogbo ẹran ara ń ro wọ́n. Mo tún máa ń bá wọn jà lórí iyọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá. Wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, ebi lo fẹ́ fi pa mí." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Oògùn náà bá wọn lára mu, ìfúnpá wọn sì wálẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màmá jáde láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo àwọn sàn. Gbogbo ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì wa dà? Kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá." Mo jáde, mo wọn ìfúnpá Màmá níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dára. Pásítọ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oògùn ló mú un wálẹ̀, àti pé tí wọ́n bá fi lè dáwọ́ rẹ̀ dúró, yóò tún gòkè. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní aláìgbàgbọ́? Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé èmi ni wọn yóò fi ṣe olórí ilé ìwòsàn tí ìjọ fẹ́ ṣí. Mo fẹ́ ipò yẹn, kí n má parọ́ fún yín. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́.

Mo sọ fún ara mi pé n ó lọ ṣàlàyé fún Màmá nílé. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da gbogbo oògùn sí ṣáláńgá. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì máa lò ó." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ tí o yẹ̀ mí wò lójú gbogbo ayé? Kí lo wá ń sọ yìí?" Mo gbé àpò mi, mo dìde.

Itohan sìn mí dé ẹnu géètì. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń bi mí bóyá Màmá ò ní kú báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti dá a nímọ̀ràn. Mo ní kó máa ra oògùn náà, kó máa lọ èyí tàárọ̀ sínú ògì Màmá, kó lọ èyí talẹ́ sínú ọbẹ̀ wọn. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, Dáre pàápàá, kó sì máa ju páálí rẹ̀ sí ààtàn ọjà Santana tó bá lọ ra nǹkan. Ẹ gbọ́ mi o, èmi nọ́ọ̀sì! Wọ́n kọ́ wa pé a kì í fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ẹni tí orí rẹ̀ pé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n padà lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ.

Obìnrin náà ṣe bí mo ṣe wí. Ìfúnpá Màmá kò gòkè. Mo ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń yin Ọlọ́run, èmi náà ń ṣe àmín.

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n Dáre obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, wá kí wọn láti Iléṣà. Ó ṣàdédé wọ ilé ìdáná, ó bá Itohan tó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ nǹkan funfun kan, tó ń dà á sínú ògì Màmá. Yéè! Ariwo tó pa, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. "Májèlé! Ó ń fún ìyá mi ní májèlé jẹ!" Wọ́n pe àwọn àgbà ìjọ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe èmi náà.

Nígbà tí mo wọlé, Itohan wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀. Ó ń sọ pé oògùn Màmá ni. Wọ́n ní oògùn wo? Màmá tí Ọlọ́run ti wò sàn? Páálí rẹ̀ dà? Kò rí páálí kankan fi hàn. Dáre gbé ife ògì náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wò ó, kí lèyí?"

Itohan gbójú sókè wò mí. Kò dárúkọ mi. Ó ń retí kí èmi fúnra mi sọ̀rọ̀.

Mo wo inú ife yẹn. Mo ní, "N kò lè dá a mọ̀. Ó ti kúnná jù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n lé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ugbor. Wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń fún Màmá lóògùn mọ́, kò sì pẹ́ tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù wọ́n. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní májèlé ọjọ́sí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo sì tún ń tọ́jú wọn, tí mo ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń já gaara lẹ́nu wọn àfi "Ito." Bí wọ́n ṣe máa ń pe ìyàwó yẹn nìyẹn. "Ito, Ito," omijé á sì máa bọ́. Àwọn ẹbí ní, ẹ ò rí i pé wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ṣe wọ́n! Èmi mọ̀ pé ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, tó ń fún wọn lóúnjẹ, ni wọ́n ń pè. Mo nu ojú wọn, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìjọ ṣí ilé ìwòsàn náà. Èmi ni olórí ibẹ̀ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tí Màmá kú, Itohan wá sílé mi. Mo rò pé èébú ló bá wá, ì bá sì dùn mọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òun kò ní dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà bá òun bẹ ẹbí kí òun rí ojú Màmá kí wọ́n tó gbé wọn lọ. Ó ti dìde tán kó tó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nǹkan tí mo fi sínú ògì yẹn, ṣé òun ló pa Màmá?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Wọ́n ti pè é ní apànìyàn títí òun fúnra rẹ̀ fi ń rò ó. Mo ní rárá. Mo ní òun ló ń dá ẹ̀mí wọn sí. Ó sunkún débi pé mo ní láti dì í mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Mo ti dé ẹnu géètì Dáre, mo sì padà. Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn yóò bọ́ lọ́wọ́ mi, bóyá ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó gbé Màmá kúrò ní Benin. Ṣé Dáre ni kí n kọ́kọ́ bá, àbí gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ ife ògì yẹn? Itohan, dárí jì mí. Àwọn ọmọ rẹ ti ń dàgbà, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ nínú ilé yẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnu wo ni kí n fi sọ fún wọn pé ìyá wọn kò pa ẹnikẹ́ni, pé mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kórìíra rẹ̀?