Máàkì Kámẹ́rà Tí Mo Yí Padà

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún márùn-ún ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àṣàbí, ọmọ àbúrò bàbá mi, bi mí ní ìbéèrè kan. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tíṣà ni mí. Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo kọ́ mọ̀ pé n kì í gbójú fo ìwà jìbìtì nínú ìdánwò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Àṣàbí ń gbé ní abà wa lọ́nà Odeda. Òun nìkan ló kù nínú ẹbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán sára ògiri ilé òrìṣà ìdílé wa. Lọ́dọọdún, kí ọdún òrìṣà tó dé, Ìyá á lọ ẹfun, osùn àti èédú níta, nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọ inú yàrá òrìṣà lọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ṣe iṣẹ́ wọn. Yàrá yẹn kò ní fèrèsé. Fìtílà elépo kan ṣoṣo ni wọ́n ń tàn níbẹ̀; iná mìíràn kò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹbí pinnu pé ká gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ sínú fídíò. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ yan kámẹ́rà.

Méjì ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan kéré, kò ju ìkúùkù mi lọ. Èkejì tóbi, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, ó sì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ọmọbìnrin tó ń tà wọ́n kó méjèèjì wọ sítọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn. Kékeré fi lẹ́tà ara páálí hàn mí kedere. Ohun tí mo rí nínú ńlá kò ju bí yanrìn dúdú tó ń hó lọ.

"Bàbá, oòrùn ni ọ̀rẹ́ ti ńlá yìí o," ló wí. "Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú ẹ̀ fọ́ nìyẹn."

Mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé, mo sì máàkì wọn bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Fún ìta gbangba, ńlá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kékeré gba mẹ́fà. Fún inú òkùnkùn, kékeré gba mẹ́jọ, ńlá gba méjì. Kékeré ló yege.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sára ńlá. Mo ti ń fojú inú rí ara mi tí mo gbé e lé èjìká kọjá ní Aké, tí àwọn èèyàn ń kí mi pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Nígbà tí mo délé, mo pa méjì tí ńlá gba fún òkùnkùn rẹ́, mo kọ méje sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí ẹbí pàdé ní Òwu, Àlàájì tó jẹ́ àgbà wa gba ìwé náà, wọn kò tilẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. "Tíṣà ti máàkì ẹ̀. Ta ló fẹ́ tún un máàkì?" Bí a ṣe ra ńlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ohun tí mo gbà níta dára púpọ̀. Ẹ lè rí ẹfun nínú èékánná ìyá náà. Nígbà tí a wọlé, mo wo ojú kámẹ́rà, òkùnkùn ni mo rí. N kò dá Ìyá dúró. Ojú ń tì mí.

Nígbà tí a gbé fídíò náà sí tẹlifíṣọ̀n, tí ibi tí a ti wọ yàrá ṣókùnkùn biribiri, gbogbo ẹbí yíjú sí mi. Mo ní, "Bóyá òrìṣà ni kò fẹ́ kí wọ́n rí òun."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́ o! Tíṣà oníṣọ́ọ̀ṣì ti di agbẹnusọ òrìṣà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àṣàbí. Ìyá rọra béèrè pé, "Kí ni mo ṣe fún òrìṣà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. N kò jẹ́wọ́.

Ìyá ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé àwọn á kọ́ Àṣàbí ní iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ̀. "Ohun tí òrìṣà bá fi pamọ́, ọwọ́ mi kọ́ ni yóò tú u." Wọ́n kú kí ọdún mìíràn tó dé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò ya ògiri náà mọ́.

Ìbéèrè Àṣàbí rèé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni màmá mi ṣe tí òrìṣà fi kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn?" Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Fídíò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí àwòrán ní apá ti inú yàrá, ṣùgbọ́n ohùn wà. Ìyá Àṣàbí ń béèrè nínú òkùnkùn pé, "Tíṣà, ṣé ò ń rí ọwọ́ mi?" Ohùn mi sì dáhùn pé, "Mò ń rí i dáadáa, Ìyá."

Mo fẹ́ gbé fídíò náà àti ìwé máàkì yẹn lọ bá Àṣàbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yin náà, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí ẹnì kan bá bi yín bóyá ẹ ń rí òun, tí ẹ kò sì rí i, ẹ sọ pé ẹ kò rí i.